Ọfà Tí Ó Gba Òkè Ẹ̀yìn Àgbọ̀nrín Kọjá

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, mo jókòó sórí àga irin kan tí a fi okùn dè mọ́ ara igi, ní nǹkan bí 20 ẹsẹ̀ bàtà sókè, nínú igbó tó wà lẹ́yìn oko àgbàdo kan ní agbègbè Frederick, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Irú ibùba orí igi bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ ilé wa ń pè ní ẹ̀gùn. Abo àgbọ̀nrín kan dúró nísàlẹ̀, ó fi ìhà hàn mí, mo sì ta á lọ́fà. Ọfà náà gba òkè ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó wọlẹ̀ ṣinṣin, ẹran náà sì fò lọ pẹ̀lú ìrù funfun rẹ̀ tó nà sókè bí àsíá. Láti ìgbà tí mo tú ọsán, ìyẹn okùn ọrun, sílẹ̀ títí di ìgbà tí ọfà wọlẹ̀, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ó gbà mí ní odindi ọdún kan kí n tó lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ní Òkè-Ògùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ọdẹ, kò mọ iṣẹ́ tó dùn mọ́ ọn tó ìgbẹ́ dídẹ. Òru ni ó máa ń wọ igbó, pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà léjìká àti iná tí ó so mọ́ iwájú orí, bí ilẹ̀ bá sì ti ń mọ́, àwa ọmọdé á ti máa dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí i pé, “Àrìnpa o!”, kí a lè tètè mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn rí, ilé ìwé ni ó ní kí n gbájú mọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo di ọdẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ogójì ọdún, ohun tí mo jogún kò ju ìfẹ́ igbó àti ìtàn ẹnu lọ.

Ẹni tó mú mi wọ inú rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ bíbí Maryland, tí ó ti ń fi ọrun àti ọfà dọdẹ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ àwọn ọdẹ, mo sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí láìsí i, ìjọba kò ní fún mi ní ìwé àṣẹ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú òfin wọn ni pé òru, tí í ṣe àkókò iṣẹ́ Bàbá Ọdẹ, ni wọ́n kà léèwọ̀: ẹni tó ń dẹ àgbọ̀nrín kò gbọ́dọ̀ ta ohunkóhun ṣáájú ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ, tàbí lẹ́yìn ìdajì wákàtí tí oòrùn bá ti wọ̀. Ìdajì wákàtí ìrọ̀lẹ́ yẹn ni àgbọ̀nrín sì fẹ́ràn jù láti jáde, òun náà ni ojú ènìyàn kì í ríran dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọrun tí wọ́n ń lò níbí kì í ṣe igi tí a tẹ̀, tí a sì fi awọ dè lásán. Ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lórí àti òmíràn nídìí, ọsán rẹ̀ sì ń yí gba ara àwọn kẹ̀kẹ́ náà. Holless Wilbur Allen, ará ìpínlẹ̀ Missouri, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ (patent) lórí irú ọrun bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1969. Iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń ṣe ni pé bí a bá ti fa ọsán dé òpin, àwọn ni wọ́n á gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà lọ́wọ́ ẹni. Ọrun tèmi gba agbára 60 pọ́n-ùn láti fà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fà á tán, bí 12 pọ́n-ùn péré ni ó máa ń kù lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ó mú 12 pọ́n-ùn dání lè dúró díẹ̀, ó sì lè yí ọkàn padà. Mo mọ èyí nígbà náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, ṣùgbọ́n mi ò lò ó.

Láti bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo ti gun igi, mo sì ti fi okùn ààbò de ara mi mọ́ ọn. Òtútù oṣù Ọ̀wàrà níbí kì í ṣe ti ọyẹ́ ilé wa. Láti ìtẹ́lẹ̀ bàtà ni ó ti máa ń gòkè wọ inú egungun, ẹni tó bá sì jókòó sójú kan láìmira fún wákàtí mẹ́ta yóò mọ ìdí tí àwọn àgbà fi sọ pé bí ọdẹ bá ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Kí ọwọ́ mi má bàa dilẹ̀, mo fi ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí ni wo igi oak ńlá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà ẹran: 30 yáàdì. Mo ti ẹ̀rọ náà bọ inú àpò, mo sì gbà pé mo ti mọ gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀.

Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí àkókò tí òfin gbà pé nígbà tí àwọn àgbọ̀nrín náà jáde. Abo mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tó tóbi jù ló ṣáájú, ó ń ṣa èso igi oak jẹ nílẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń fọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí ó kọjá sẹ́yìn igi kan, tí kò lè rí mi, mo dìde, mo fa ọrun. Ó jáde padà, ó dúró, ó fi ìhà rẹ̀ hàn mí. Ó wà nítòsí igi oak tí mo ti wọ̀n, nítorí náà, nínú àwọn abẹ́rẹ́ àfojúsùn tó wà lára ọrun mi, mo yan èyí tí mo ti ṣètò fún 30 yáàdì, mo gbé e sí àárín àyà rẹ̀, lẹ́yìn èjìká.

Nígbà yẹn ni ó gbé orí sókè. Etí rẹ̀ méjèèjì yí sí ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan, ó sì fi lu ilẹ̀ gìrì, bí ìgbà tí alágbàtọ́ bá fẹsẹ̀ lulẹ̀ láti dá ọmọ lẹ́kun eré. Àwọn méjì tó kù náà dáwọ́ oúnjẹ dúró. Mo rí gbogbo èyí. Mi ò lè sọ pé n kò rí i. Ohun kan ṣoṣo tó ń dún lọ́kàn mi ni pé ó ti fẹ́ lọ, bí mi ò bá sì ta á báyìí, gbogbo ìjókòó ọjọ́ náà di asán. Ọkàn mi ń lù kìkì débi pé abẹ́rẹ́ àfojúsùn ń gbọ̀n lára ẹran náà. Mo tú ọsán sílẹ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi, mo sì tan iná. Ọfà náà ṣì wà ní òró nínú ilẹ̀. Ọdẹ tó ń lo ọfà gbọ́dọ̀ lè ka ohun tó bá wà lára rẹ̀ bí ẹni ka ìwé: ẹ̀jẹ̀ tó mọ́lẹ̀, tó sì ń hó, ti ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹran náà kò ní jìnnà, ẹ̀jẹ̀ tó dúdú, ti ẹ̀dọ̀ ni, sùúrù ni ó sì gbà, ṣùgbọ́n bí ewéko jíjẹ bá lẹ̀ mọ́ ọfà, tó sì ń rùn, ikùn ni ó bà, ọdẹ náà sì gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó má bàa lé ẹran tó ń kú lọ kọjá ibi tí a ti lè rí i. Mo fi bébà funfun nu ọfà náà láti irin ẹnu rẹ̀ dé ìyẹ́ ìdí rẹ̀. Bébà náà jáde ní funfun. Mo nu ún lẹ́ẹ̀kejì, mo tún wo ilẹ̀ bóyá irun já sí i, kò sí. Síbẹ̀, mo tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tó 150 ìṣísẹ̀, mo sì padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láti tún un wò lójú oòrùn. Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kankan. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ ní àárọ̀ yẹn, ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́, nítorí ohun tí mo ń bẹ̀rù jù ní alẹ́ mọ́jú ni pé mo lè ti fi ọgbẹ́ sára ẹ̀dá Ọlọ́run tí yóò lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìtìjú tèmi ni ó wá dé lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo pe Bàbá Ọdẹ lórí fóònù. Mo rò pé yóò bi mí bí ọrun náà ṣe rí, tàbí bí ọwọ́ mi ṣe dúró. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó gbọ́ mi tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí pé:

“Kí o tó ta á, ṣé ẹran yẹn ti mọ̀ pé o wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó ti gbé orí sókè, ó ti fẹsẹ̀ lulẹ̀.”

“O wá ta á?”

“Mo ta á, bàbá.”

Kò sọ ju, “Ó dáa, kú iṣẹ́,” lọ, ó sì bèèrè àwọn ọmọ.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Títí di ìgbà náà, ìwọ̀n jíjìn ni mo dá lẹ́bi, nítorí nígbà tí mo padà gun igi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí mo fi ẹ̀rọ wo ibi tí pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ ilẹ̀, 24 yáàdì ni mo rí, kì í ṣe 30. Igi oak náà wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, òkùnkùn ìrọ̀lẹ́ ni ó pa àwọn méjèèjì pọ̀ lójú mi. Bí ẹni tó ń lo ọrun bíi tèmi bá fi abẹ́rẹ́ 30 yáàdì ta ohun tó wà ní 24, ọfà yóò ga ju ibi tó fojú sùn lọ ní bí íńṣì mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi tún fi hàn mí pé mo ti rẹ apá mi sílẹ̀ láti wo ìsàlẹ̀, dípò kí n tẹ̀ láti ìbàdí kí apá àti èjìká lè wà bí wọ́n ṣe máa ń wà nígbà tí mo bá dúró lórí ilẹ̀. Èyí náà a máa gbé ọfà sókè. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà àgbọ̀nrín tó dàgbà kì í ṣe ohun kékeré, àwọn àṣìṣe wọ̀nyí nìkan kò sì tó láti gbé ọfà tí a fojú sùn sí àárín àyà gba òkè ẹ̀yìn kọjá. Ohun mìíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òun gan-an sì ni Bàbá bèèrè.

Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìró ń rìn ní nǹkan bí 1,100 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọfà mi, nígbà tí a fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, ń rìn ní 280. Ìyẹn ni pé dídún ọsán ń dé etí ẹran ní ìgbà bí mẹ́rin kíá ju ọfà fúnra rẹ̀ lọ. Ní 24 yáàdì, tí í ṣe 72 ẹsẹ̀ bàtà, ọfà gba bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró ti débẹ̀ kí ìdá mẹ́wàá rẹ̀ tó pé. Kí ẹran tó fò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, bí ọmọdé tó fẹ́ fo gọ́tà ṣe máa ń ká orúnkún. Kì í ṣe pé ó ń yẹra fún ọfà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọfà ń bọ̀. Ó kàn ń múra láti sá ni, àyà rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ ní íńṣì mélòó kan kí ọfà tó dé. Àgbọ̀nrín tí orí rẹ̀ wà nílẹ̀, tí ó ń jẹun, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kì í sábà yára tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti kọ etí, tó ti fẹsẹ̀ lulẹ̀, ti múra tán kí n tó tú ọsán. Ọfà mi lọ síbi tí ẹran náà wà nígbà tí mo ta á. Ẹran náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí ó fi gbé orí sókè? Kò rí mi, mi ò sì dún. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí mo mú ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí mo sì gbọ̀n ọ́n dànù láti orí ẹ̀gùn. Ní àárọ̀, bí oòrùn bá ti ń mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ a máa gun òkè lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá ti ń tutù, a máa rọra ṣàn sọ̀kalẹ̀ bí omi. Mo ti so ẹ̀gùn mi sí apá òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ojú ọ̀nà ẹran sì wà nísàlẹ̀. Ìyẹ̀fun náà fò díẹ̀, ó tẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ tààrà sí ibi tí abo náà dúró sí. Òórùn ara mi ni mo ti ń dà lé e lórí. Láti ìgbà tí mo ti yan igi yẹn ni ọfà mi ti ń tàsé.

Ìtàn kan wà tí mo gbọ́ nígbà èwe nípa Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ, tí wọ́n ń bọ ní Brazil àti Cuba títí di òní. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò fi mí sílẹ̀ ní ọdún yẹn. Ẹyẹ burúkú kan bà lé orí ààfin ọba ní Ilé-Ifẹ̀ lákòókò ọdún iṣu titun. Ọdẹ ológún ọfà ta títí, ó tàsé. Ológójì ọfà tàsé. Aláàádọ́ta ọfà náà tàsé. Ọdẹ tó ní ọfà kan ṣoṣo ni ó ta ẹyẹ náà lulẹ̀, ìyẹn sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti rúbọ tí ẹyẹ náà fi ṣí àyà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun tí mo gbọ́ nínú ìtàn náà ni pé ọdẹ náà mọ̀ ọ́n ta ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ báyìí ni pé ẹni tó ní ọfà kan ṣoṣo kò ní ta á títí ẹyẹ yóò fi ṣí àyà. Ọfà mẹ́rin ni mo máa ń gbé wọ igbó, mo sì ta àkọ́kọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé mẹ́ta ṣì kù.

Nítorí náà ni mo ṣe yí ìdánrawò mi padà. Tẹ́lẹ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń ta tó ọgọ́ta ọfà, mo sì máa ń yọ̀ lórí ogún tó gbẹ̀yìn, tí gbogbo wọn máa ń kó jọ sójú kan nígbà tí ara bá ti gbóná. Ṣùgbọ́n nínú igbó kò sí ọfà ọgọ́ta. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ló wà, a ó sì ta á pẹ̀lú apá tó ti gan fún òtútù. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2022, mo máa ń jáde sí àgbàlá kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gun àkàbà, mo máa ń fi ẹ̀rọ wọn ibi àfojúsùn, mo máa ń ta ọfà kan ṣoṣo, mo sì máa ń kọ ibi tó bọ́ sí sínú ìwé kékeré kan. Ní àwọn àárọ̀ mìíràn, mo máa ń fa ọrun, n óò kà dé ogún, n óò sì dá ọsán padà pẹ̀sẹ̀ láìta. Ìyẹn ló le jù. Ara ènìyàn kò fẹ́ dá ohun tó ti fà padà. Ó dàbí ẹni tó ti la ẹnu tán láti sọ̀rọ̀, tí wọ́n ní kí ó pa á dé.

Mo tú ẹ̀gùn náà kúrò, mo sì lọ so ó sí apá ìsàlẹ̀ ojú ọ̀nà ẹran, kí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ lè gbé òórùn mi lọ sí odò. Mo wọn igi márùn-ún yí ara mi ká, mo so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo sì bá ara mi ṣe àdéhùn pé n kò ní ta ohunkóhun tó bá kọjá 25 yáàdì.

Ní oṣù Bélú ọdún 2022, abo àgbọ̀nrín kan tọ ọ̀nà náà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá òun náà ni. Mo wọ̀n ọ́n: 19 yáàdì. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, mo fa ọrun, mo tẹ̀ láti ìbàdí, abẹ́rẹ́ dúró sára rẹ̀ láìgbọ̀n. Nígbà náà ni ẹ̀ka igi kan já lókè òdìkejì, ó sì gbé orí sókè, gbogbo ara rẹ̀ le. Mo dúró. Mo kà á lọ́kàn mi títí ó fi ju ogún lọ, kò sì sọ orí kalẹ̀. Mo dá ọsán padà pẹ̀sẹ̀. Ó wo apá ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó sì rìn lọ sínú òkùnkùn, kò sáré.

Mo pe Bàbá Ọdẹ ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn tí mo kí i tán, ó bèèrè bí igbó ṣe rí.

Mo ní, “Ọfà mẹ́rin ni mo gbé lọ, bàbá, mẹ́rin náà ni mo gbé bọ̀.”

“O rí ẹran?”

“Mo rí ẹran, bàbá. Ó wà nítòsí.”

Mo gbọ́ tí ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì ní kí n sọ fún òun bí ẹran náà ṣe kọ etí, kí n má fi ohunkóhun sílẹ̀.